Ẹni Tí Káńsù Kò Kà

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2017

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Dádì. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí n kánjú wọ inú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òní kì í ṣe ọjọ́ tí a ó fi kíkí ṣòfò.

Ohun tó ti bàjẹ́ rèé, àti àwọn tó mọ̀. Láti Oṣù Kẹfà èṣí ni káńsù ti ń bu owó orí ilé yín ní kíkún, láìsí ẹ̀dínwó kankan, bí ẹni pé Dádì ṣì ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì tó sì ń gba owó oṣù. Ẹ̀yin mọ̀. Ìwé ìránnilétí wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ ìyẹn náà, inú páànù bísíkíìtì lẹ kó wọn sí. Shaheen ilé kejì mọ̀, torí òun ló bá yín ka èkejì. Àǹtí Winifred mọ̀ láti ọjọ́ Kérésì. Dókítà Kershaw mọ̀ láti ọdún kan ààbọ̀ pé àìsàn ìgbàgbé ló ń ṣe Dádì, kò sì sọ fún yín pé òfin ní ohun kan fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ìwé ìpè ilé ẹjọ́ dé: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹrin, aago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi ọmọ yín kan ṣoṣo ni n kò mọ̀, àfìgbà tí Shaheen ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, tó ní kí n má sọ pé òun ló sọ. Mo ti sọ báyìí. Ẹ má bá a jà.

Iṣẹ́ mi níbí ni kí n wọ ilé ìkẹ́rùsí tí nǹkan ti dàrú, kí n wá ibi tó ti dàrú, kí n tún un ṣe. Mo fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ka òfin káńsù yín. Ibi méjì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nígbà tí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ rò pé wọ́n á bá yín sọ fún káńsù. Wọn kì í bá ènìyàn sọ. Fún ẹ̀dínwó owó orí ilé, fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n á yọ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kúrò. Káńsù tiyín ní gbogbo ẹni tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ san ìdá kan tó kù, ì báà má ní nǹkan kan nílé. Àwọn tó ń gbé ní òdìkejì odò, tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju tiyín lọ, pẹ́nì kan káńsù tiwọn kò gbà lọ́wọ́ wọn. Kò dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òní la ó bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ìkejì: káńsù máa ń ka àgbàlagbà inú ilé. Ilé àgbàlagbà méjì ń san gbogbo ẹ̀, ilé ẹnì kan ń san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tí irú àìsàn Dádì bá ń ṣe, òfin ní kí wọ́n má kà á. Bí wọn kò bá ka Dádì, ilé yín di ilé ẹnì kan, wọ́n sì lè ṣe ìṣirò yìí padà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn náà. Ẹ̀dínwó àkọ́kọ́ yẹn kì í padà sẹ́yìn ju oṣù kan lọ. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fi jókòó, ó ti lọ nìyẹn.

Mo lè san gbèsè yìí lónìí. N kò ní san án. Ohun tí òfin kò ní kí ẹ san ni wọ́n ń bù fún yín, bí mo bá sì san ti ọdún yìí, wọ́n á tún bu ti ọdún tó ń bọ̀.

Fọ́ọ̀mù méjèèjì wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti sàmì pupa sí ibi tí ẹ ó fọwọ́ sí. Kí Dókítà Kershaw lu òǹtẹ̀ sórí èkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé káńsù kó tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ tún okùn fóònù kì bọ ara ògiri.

Ọmọ yín,
Leanne


Brackenshaw
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta, 2017

Leanne mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ń fi ṣọ́bìrì wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Òjò ni níbí, kò dá. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ti tún géètì ilé ìwé rẹ ṣe. Mo ní wọ́n ti tún un ṣe.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí o ti béèrè bí èmi fúnra mi ṣe wà ni mò ń wá. N kò rí i.

Ti fóònù: bó bá ti dún, bàbá rẹ á gbé kọ́ọ̀tù wọ̀, á máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ káàkiri. Ó rò pé ilé búrẹ́dì ló ń pe òun síṣẹ́. Lóṣù Kìíní ó jáde lọ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ibi tí ilé búrẹ́dì wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń ta káàpẹ́ẹ̀tì báyìí, ó ń bi ọmọ ilé ìtajà pé búrẹ́dì tí òun fẹ́ gbé lọ sí Burnley dà. Ọjọ́ yẹn ni mo yọ okùn. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kọ̀wé. Ìwé kì í dún.

Ẹ̀bi fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, mo gbà. Ọmọbìnrin tó kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní, "Àpò kan ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí, Ìyáàfin Pilling." Mo gbà á gbọ́. Mo ń ti ìdí ìkòkò tí mo ti ń se oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé bọ̀, ọ̀dùnkún ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi, ibi tó bá nawọ́ sí ni mo fọwọ́ sí. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Shaheen ti bá mi mú un lọ. N kò sì bá a jà, bó tilẹ̀ yẹ kí n bá a jà.

Ṣùgbọ́n èkejì, n kò lè fọwọ́ sí i.

Kó o tó fi tìẹ ránṣẹ́, káńsù ti fi ìwé kan wá lọ́dún tó kọjá. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: "Ǹjẹ́ àgbàlagbà kankan wà nínú ilé yìí tí kò yẹ kí a kà?" O fẹ́ mọ ohun tí mo kọ? Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Kò sí. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí la kà sí." Shaheen rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Noreen, kì í ṣe ohun tí wọ́n bi ọ́ nìyẹn." Mo ní, "Ohun tí mo dáhùn nìyẹn."

Èyí tí o fi ránṣẹ́ wá tún burú jù ú lọ. Ohun tí wọ́n kọ sókè pátápátá ni: ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi. Kí n wá kọ Royston Pilling sí iwájú ẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélógún kọ àmì ayò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a jiyàn rí, títí kan àwọn ará Colne tí wọ́n máa ń bá òjò gan-an jiyàn. O rántí. Ìwọ lo máa ń gbé páálí ìkọ̀wé tẹ̀ lé e. Ó ṣì ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀. Bó bá ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ó ṣì ń gé e sí méjì, tèmi ló sì máa ń tóbi jù. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti bá a gbé, o wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé èmi nìkan ni mò ń gbé ilé?

Leanne, ó rọrùn láti jókòó sí Kánádà kí èèyàn máa yọ ẹnì kan kúrò nínú iye àwọn tó wà nílé. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wá kẹ́yìn.

Mọ́mì rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2017

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Báwo lẹ ṣe wà? Mo ti béèrè báyìí, mo sì fẹ́ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Kíkà tí káńsù ń sọ, kíkà orí lásán ni, bí a ṣe ń ka páálí ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Kì í ṣe kíkà sí. Káńsù kò ní èrò kankan nípa Dádì, rere tàbí búburú. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, wọ́n á fún yín ní ohun tó tọ́ sí yín. Àwọn olówó tí mo ń bá ṣiṣẹ́ níbí, bí òfin bá fún wọn ní ẹ̀dínwó, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbà á. Wọn kì í dúró béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tó wà lókè fọ́ọ̀mù dùn létí. Àwa nìkan la máa ń tijú ohun tó jẹ́ tiwa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìtìjú yẹn, ó sì gbà mí ní ọdún mẹ́wàá kí n tó bọ́ ọ sílẹ̀.

Mo pe káńsù fúnra mi. Mo dúró lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan gbé e, ó ní òun kò lè bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ wọn ni mí. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀yin kò sí lára àwọn tí a kà sí ilé yẹn." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, n kò mọ ìdí.

Bí ọjọ́ kẹfà bá dé tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ á fún wọn ní àṣẹ. Owó ẹjọ́ á gun orí gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á rán àwọn agbowó tó máa ń wọlé kó ẹrù. Ẹ rò ó wò: àjèjì méjì á kan ilẹ̀kùn, Dádì á ṣí i fún wọn, á sì bu tíì fún wọn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?

Ti ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ ni. Ẹ mọ̀.

Ẹ fọwọ́ sí i. Kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ kẹwàá Oṣù Kẹrin.

Leanne


Winnipeg
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹrin, 2017

Mọ́mì mi,

Ẹ kú àárọ̀. Ọjọ́ kẹwàá ti kọjá. Ilé ẹjọ́ ti jókòó, n kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Shaheen kò dá ọ̀rọ̀ mi padà lórí fóònù. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ń bínú, ẹ fi ránṣẹ́. Ìlà kan ti tó. Ṣé Dádì wà dáadáa?

Leanne


Brackenshaw
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹrin, 2017

Leanne mi,

Bàbá rẹ wà dáadáa. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Inú kò bí mi. N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ ni.

Shaheen lọ sìnkú ní Bradford ní ọ̀sẹ̀ ẹjọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún. Mo gbé sùúùtù rẹ̀ wọ̀ ọ́, mo so táì fún un, a wọ bọ́ọ̀sì. Mo ti kọ gbogbo ohun tí n ó sọ fún adájọ́ sórí ìwé, ojú kan àtẹ̀yìn ẹ̀. N kò rí i kà. Orúkọ tó wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ju ọgọ́sàn-án lọ, àwa tí a yọjú kò ju mọ́kànlá. Ọmọbìnrin káńsù kan gbé tábìlì sí ọ̀nà àbáwọlé, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń wúkọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyáàfin Pilling? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?"

Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di báàgì mi mú. Kí n tó lanu, òun ti fèsì: "Ọmọ mi, ṣé wọn kì í kọ́ yín ní ìṣirò mọ́ ni? Ọ̀kan rèé. Èjì rèé." Ó nawọ́ sí mi, ó nawọ́ sí àyà ara rẹ̀.

Gbogbo orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pàápàá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin méjì ni." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wa: méjì.

Mo ń wo bírò rẹ̀ lórí ìwé. Ohun tí mo ti ń bá ọ jà lé lórí nìyẹn, pé kí wọ́n kọ méjì. Wọ́n ti kọ ọ́. Méjì yẹn gan-an ló sì gbé wa dé ibi tí a wà yẹn.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, adájọ́ béèrè bóyá ìwé owó náà dé ọwọ́ wa, àti bóyá a ti san án. Kò béèrè ìdí. Ó ní wọn kò fi ìdí síkàáwọ́ òun. Àṣẹ ti wà lọ́wọ́ káńsù kí omi tíì tó lè hó. Nínú bọ́ọ̀sì bàbá rẹ béèrè ẹni tó borí. Mo ní àwọn ni. Ó ní, "Àmì ayò mélòó sí mélòó?" Mo ní n kò mọ̀. Ó mi orí, ó ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí kò bá sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ìwé àwọn agbowó dé. N kò fi èyí sínú páànù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ara bàbá rẹ yá. O mọ irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí o kò mọ̀, torí o kò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ á mọ́ kedere, á pè mí ní Nor. Fọ́ọ̀mù rẹ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà.

"Kí nìyẹn, Nor?"

"Ìwé káńsù ni."

"Kà á fún mi, mi ò mọ ibi tí mo fi dígí sí."

Ó wà lójú ẹ̀. N kò parọ́ fún un rí lórí ìwé. Mo fo ọ̀rọ̀ òkè yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ ìyókù. Mo ní, "Wọ́n ní bí mo bá gbà kí wọ́n má kà ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ilé, owó máa dín kù."

Ó pẹ́ tó ń fi ṣíbí ro tíì tí kò sí ṣúgà nínú ẹ̀.

"Ṣé mo ṣì lè máa gbé ibí?"

"Níbo lo fẹ́ máa gbé tẹ́lẹ̀, òpònú yìí?"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni oúnjẹ fò ọ́ dá rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wá ní: "Ẹni tó ń kọ àmì ayò, wọn kì í kà á mọ́ ẹgbẹ́, Nor. Mẹ́jọ lápá ibí, mẹ́jọ lápá ọ̀hún. Kò sí nínú mẹ́jọ kankan. Àmọ́ jẹ́ kí wọ́n gbá a láìsí i, kí o wá wò ó bí wọn ò ní máa fi bọ́ọ̀lù lé ara wọn kiri orí pápá." Ó ti ìwé náà sún mọ́ mi. "Kọ ọ́ fún wọn. Sọ pé èmi ni mò ń kọ àmì ayò."

Mo fọwọ́ sí i. N kò kọ pé òun ló ń kọ àmì ayò, kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù. Mo lọ ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú kíṣìnnì kó má bàa gbọ́ mi. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bi mí bóyá mo rí Noreen.

Dókítà Kershaw lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́rú. Kò lè wò mí lójú. Shaheen dé láti Bradford, ó sì mú un dé káńsù fúnra rẹ̀, ó gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun gba ìwé, torí òun mọ̀ pé o máa béèrè.

Mọ́mì rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Karùn-ún, 2017

Mọ́mì mi,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, níwájú ibi iṣẹ́. N kò lè wọlé fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ń dúró dè mí fún ìpàdé tí èmi fúnra mi pè.

Mo kọ ọ́ sí yín pé bí a ṣe ń ka páálí ẹrù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé yẹn.

Ohun tó kù: mo ti tẹ ìwé kan tó fún káńsù láṣẹ láti máa bá mi sọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Bí àwọn agbowó bá dé kí káńsù tó dáhùn, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ ti abẹ́ ilẹ̀kùn fi ìwé dókítà hàn wọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n padà lọ bi káńsù. Ẹ tọ́jú ìwé tí Shaheen gbà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá. Kì í ṣe iṣẹ́. Mo ní ọjọ́ ìsinmi tí n kò lò. Mo rò pé bí n kò bá wá, mo lè máa sọ fún ara mi pé ó ṣì mọ̀ mí. Ṣé ó ṣì mọ̀ mí, Mọ́mì? Ẹ má fi oyin sí i.

Ẹ kọ̀wé ní ọjọ́ tí ìdáhùn káńsù bá dé.

Leanne


Brackenshaw
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2017

Leanne mi,

A dúpẹ́, ara le. Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó ń gbé èèyàn dìde, torí náà bíi tìẹ ni n ó ṣe kọ èyí.

Ohun tó ti dára rèé. Káńsù gbà. Wọ́n ní ilé ẹnì kan ni ilé wa láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Wọ́n fi ẹ̀dínwó ti fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ lé e láti Oṣù Kejì yìí. Ti àwọn oṣù tó ṣáájú ti lọ nìyẹn, bí o ṣe wí. Wọ́n pe àwọn agbowó padà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò yọ owó ẹjọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù, mò ń san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi, pẹ̀lú ìdá kan tí wọ́n ní gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ san. Ẹja ọjọ́ Ẹtì la yọ. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni, torí náà èmi nìkan ni mò ń rántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń se oúnjẹ nílé ìwé, ìwé ìpè tirẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó má fi sínú páànù. Mo bá a kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí tábìlì wa.

Ìwé tuntun tí káńsù fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sókè ẹ̀: "Iye àgbàlagbà tí a kà: ọ̀kan." Mo fi pẹ́ńsùlù kọ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Káńsù kò ní rí i. Èmi ń rí i.

Báyìí, ohun tó ti bàjẹ́, àti àwọn tó mọ̀. O béèrè bóyá ó ṣì mọ̀ ọ́. Láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pe orúkọ rẹ. Lọ́sàn-án, ó mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gbé páálí ìkọ̀wé fún òun, ó sì máa ń béèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí nílé ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ̀. Dókítà ní kí a má retí pé àárọ̀ yẹn á ṣì wà bó bá di Kérésì. Dókítà mọ̀. Shaheen mọ̀. Èmi mọ̀. Ìwọ náà ti mọ̀ báyìí, torí náà má sọ lọ́jọ́ kan pé wọ́n fi pamọ́ fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹgbẹ́ ní kí bàbá rẹ wá kọ àmì ayò ní ìdíje tí wọ́n fi ń parí ayò ọdún yìí, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá Oṣù Kẹjọ, aago méjì ọ̀sán. Inú ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa fi ìka tọ́ka sí ìlà tó kàn fún un. Èmi kò mọ̀ ọ́n kọ, mo máa ń gbàgbé ẹni tí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sún mọ́ jù. Ìwọ mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje.

N kò fẹ́ owó. N kò fẹ́ fọ́ọ̀mù mìíràn. Wọlé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá, kí o lè sùn dáadáa, kí ó sì rí ọ ní àárọ̀ méjì kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ yẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ti ìwé orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà kan ti tó.

Akọ̀wé náà bi mí pé ẹni mélòó ló máa jókòó sídìí tábìlì àmì ayò, mo ní kó kọ méjì. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ títí di ọjọ́ náà, n ó lọ ní kó yí i sí ọ̀kan.

Mọ́mì rẹ,
Noreen